Àyẹ̀wò ìwé Késárì lórí ogun ilẹ̀ Gaul: ẹ tọpa ọ̀rọ̀ kan, impedimenta

Ìwé tí Julius Késárì, ọ̀gágun Róòmù, kọ nípa ogun tó jà ní ilẹ̀ Gaul (ilẹ̀ Faransé àti àyíká rẹ̀ lónìí), De Bello Gallico, pín sí ìwé mẹ́jọ. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ méje àkọ́kọ́, ọdún kan fún ìwé kan, láti 58 títí dé 52 ṣáájú ìbí Kristi. Aulus Hirtius, ọ̀gágun kan tó wà lábẹ́ rẹ̀, ló kọ ìkẹjọ kí ìtàn náà lè dé ọdún 51 àti 50. Ọ̀pọ̀ ló ń kà á nítorí Vercingetorix, olórí àwọn ará Gaul tó bá Késárì jà, tàbí nítorí afárá tí wọ́n kàn sórí odò Rhine, tàbí nítorí pé olùkọ́ èdè Látìn ló ní kí wọ́n kà á. Ohun tí a fẹ́ wò níbí ni bí ìwé náà ṣe rí fún ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, tó sì tọpa rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀rọ̀ náà ni impedimenta: ẹrù ogun, pẹ̀lú ẹran tó rù ú àti kẹ̀kẹ́ tó gbé e.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdájọ́ wa ná. Kò sí ọ̀nà tó dùn tó èyí láti ka Késárì, kò sì sí èyí tó ń kọ́ni ní ogun jíjà jù ú lọ. Àmọ́ ìtumọ̀ tí ẹ bá yàn lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí náà a ó sọ bí ẹ ṣe máa dán ìtumọ̀ wò kí ẹ tó sanwó.

Inú pes, ìyẹn ẹsẹ̀, ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Impedire ni kí nǹkan kọ́ ni lẹ́sẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń ní ohun kan dí wa lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ ni àwọn ará Róòmù fi sọ tiwọn. Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, impedimentum, ìdíwọ́ ni. Bó bá di púpọ̀, impedimenta, ó di gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun ń kó kiri: àgọ́, ọlọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà, oúnjẹ, irinṣẹ́, àti ìbaaka tó rù wọ́n. Impeditus ni ẹni tí ẹrù, tàbí ibi tó dúró sí, kò jẹ́ kó ráyè jà. Expeditus ni òdìkejì rẹ̀, ẹni tó ti sọ ẹrù kalẹ̀ tó sì ti ṣe tán. Ẹ tún mọ sarcina dáadáa, ẹrù tí ọmọ-ogun gbé léjìká ara rẹ̀. Ẹran ló ń ru impedimenta, èèyàn ló ń ru sarcina. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ á ṣi ìwé kejì kà pátápátá.

Ní ìwé kìíní, ẹ má fo orí 3 sí 6. Ibẹ̀ ni àwọn Helvetii, ẹ̀yà kan ní Gaul, ti ń múra láti ṣí kúrò ní ilẹ̀ wọn. Wọ́n ra gbogbo ẹran arẹrù àti kẹ̀kẹ́ tí agbára wọn ká, wọ́n ní kí olúkúlùkù di ìyẹ̀fun oṣù mẹ́ta, wọ́n sì dáná sun ìlú wọn tó tó 12 àti abúlé tó tó 400. Ọ̀nà kan wà láàárín òkè Jura àti odò Rhône tó há débi pé agbára káká ni kẹ̀kẹ́ kan fi lè kọjá lẹ́ẹ̀kan. Késárì kò tíì lo ọ̀rọ̀ wa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kó yé wa pé àwọn èèyàn yìí kò lè yára. Nígbà tó di orí 12, ó ká ìdá kan nínú mẹ́rin wọn mọ́ etí odò Arar, nígbà tí àwọn yòókù ti sọdá. Impeditos ló pè wọ́n, ó sì pa púpọ̀ nínú wọn.

Orí 24 sí 26 ni kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì nípa ọ̀nà kíkà yìí kọ́kọ́ kà. Ní orí 24, Késárì to lẹ́gíónì (ẹgbẹ́ ńlá ọmọ-ogun Róòmù) mẹ́rin tó mọ ogun sí agbedeméjì òkè, ó fi lẹ́gíónì tuntun méjì sí ṣóńṣó rẹ̀, ó ní kí wọ́n kó gbogbo sarcina jọ sójú kan kí àwọn tó wà lókè máa ṣọ́ ọ. Àwọn Helvetii náà fi kẹ̀kẹ́ wọn tẹ̀lé e, wọ́n sì kó impedimenta tiwọn jọ sójú kan. Ní orí 25, ọ̀kọ̀ àwọn ará Róòmù gún asà tó ju ẹyọ kan lọ pọ̀ mọ́ra wọn, irin rẹ̀ tẹ̀, kò ṣeé fà yọ. Késárì ní ìdíwọ́ ńlá nìyẹn jẹ́ fún àwọn ará Gaul, impedimento sì ni ọ̀rọ̀ tó lò. Wọ́n gbọn apá títí ó fi sú wọn, ni wọ́n bá ju asà nù, wọ́n ń jà láìsí ohun tó bo ara wọn. Ní orí 26, ìjà tó ti bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán wá parí sídìí impedimenta lóru. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ṣe odi. Wọ́n ń sọ ọ̀kọ̀ láti orí rẹ̀, àwọn mìíràn ń gún un jáde láàárín kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ọmọbìnrin Orgetorix, olórí tó kọ́kọ́ gbèrò ìṣílọ náà, àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀.

Ẹ wo ohun tó tẹ̀lé e. Ó tó 130,000 èèyàn tó sá àsálà, tí wọ́n rìn ní gbogbo òru, tí wọ́n sì dé ilẹ̀ àwọn Lingones ní ọjọ́ kẹrin. Késárì kò lé wọn lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́, tó sì sin òkú. Ó kàn ránṣẹ́ sí àwọn Lingones pé wọn ò gbọ́dọ̀ fún wọn ní ọkà tàbí ohunkóhun. Ní orí 27 wọ́n ránṣẹ́ wá túúbá nítorí pé wọn kò ní nǹkan kan mọ́. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yìí láìrántí impedimenta orí 26 lè rò pé ẹ̀rù ló bà wọ́n. Oúnjẹ wọn ló ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá.

Ìwé kejì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣiṣẹ́ jù lọ, a ó sì dúró níbẹ̀ díẹ̀. Ọdún 57 ni, Késárì ń lọ bá àwọn Nervii, ẹ̀yà kan ní àríwá Gaul, lẹ́bàá odò Sabis. Ní orí 17, àwọn ará Gaul kan tó ń bá a rìn yọ́ kẹ́lẹ́ lọ sọ fún àwọn Nervii bí ìrìn rẹ̀ ṣe máa ń rí: ẹrù púpọ̀ wà láàárín lẹ́gíónì kan àti èkejì. Wọ́n ní kí wọ́n kọlu lẹ́gíónì àkọ́kọ́ bó bá ti dé ibi tí wọn yóò pabùdó sí, nígbà tí sarcina ṣì wà léjìká wọn tí àwọn yòókù sì jìnnà. Bí wọ́n bá ti lé e, tí wọ́n kó impedimenta rẹ̀, àwọn tó kù kò ní láyà láti dúró. Ìmọ̀ràn yìí mọ́gbọ́n dání, ọ̀rọ̀ méjèèjì tí a ní kí ẹ mọ̀ yàtọ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ní orí 19 ni ó ti dojú rú fún wọn. Nítorí pé Késárì ti ń súnmọ́ ọ̀tá, ó ṣe bí ìṣe rẹ̀: ó fi lẹ́gíónì mẹ́fà tí kò ní ẹrù lọ́rùn ṣíwájú (expeditas), ó kó impedimenta gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ-ogun sẹ́yìn wọn lójú kan, ó sì fi lẹ́gíónì tuntun méjì ṣe ẹ̀yìn láti máa ṣọ́ ọ. Àwọn Nervii tó ba sínú igbó ti fi í ṣe àdéhùn pé ìgbà tí ojú àwọn bá kọ́kọ́ tó ẹrù ni àwọn yóò jáde. Nínú ètò tí wọ́n gbọ́, bí ẹrù bá yọ, a jẹ́ pé lẹ́gíónì kan ṣoṣo ló ti dé. Nínú ètò tó wà lójú ọ̀nà, mẹ́fà ló ti dé. Àmì tí wọ́n ń dúró dè kò yí padà, ohun tó ń tọ́ka sí ló yí padà. Síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí wọ́n borí, torí pé ilẹ̀ ni àwọn ọmọ-ogun ń gbẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí ogun dé bá wọn.

Látibẹ̀, ẹ máa tẹ̀lé ẹrù náà. Ní orí 24, àwọn ìránṣẹ́ ibùdó (calones) tó ti sáré jáde lọ kó ìkógun yíjú padà, wọ́n rí ọ̀tá nínú ibùdó, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ. Àkókò náà ni igbe ta láàárín àwọn tó ń bọ̀ pẹ̀lú impedimenta. Àwọn ẹlẹ́ṣin ẹ̀yà Treveri tó wá ran Késárì lọ́wọ́ rí gbogbo èyí, wọ́n kọrí sílé, wọ́n sì ròyìn pé wọ́n ti ṣẹ́gun Róòmù, pé ibùdó àti impedimenta wọn ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Nǹkan méjèèjì yìí ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí pé ogun ti parí. Ní orí 26, ó parí lóòótọ́, ṣùgbọ́n lápá kejì: lẹ́gíónì méjì tó ń ṣọ́ ẹrù gbọ́ ìró ìjà, wọ́n sáré, wọ́n sì yọ lórí òkè lójú àwọn Nervii, Labienus, igbákejì Késárì, náà rán lẹ́gíónì kẹwàá láti òdìkejì odò. Ìwé púpọ̀ máa ń fi ìyìn ọjọ́ yẹn fún Késárì, ẹni tó gba asà lọ́wọ́ ọmọ-ogun kan tó sì sáré lọ síwájú. Lójú tiwa, àwọn tó wà lẹ́yìn ẹrù náà yẹ fún ìyìn pẹ̀lú, Késárì fúnra rẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí wọn.

Kí ìwé kejì tó parí, orí 29 sọ gbòǹgbò àwọn Aduatuci. Nígbà tí àwọn Cimbri àti Teutones ń lọ jagun sí ìhà gúúsù, wọ́n fi ẹrù tí wọn kò lè kó lọ sílẹ̀ ní ẹ̀bá Rhine, wọ́n sì fi 6,000 èèyàn ṣọ́ ọ. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹrù yẹn ló di odindi ẹ̀yà kan.

Ìwé kẹta kò ní púpọ̀. Ní orí 24 rẹ̀, àwọn ará Aquitania fẹ́ dúró dìgbà tí Publius Crassus, ọ̀gágun Késárì, bá ń padà kí wọ́n lè ká a mọ́ ojú ọ̀nà, impeditos, pẹ̀lú sarcina léjìká. Ọgbọ́n ìwé kejì náà nìyẹn, ẹlòmíràn ló gbèrò rẹ̀. Ní ìwé kẹrin orí 14, àwọn Usipetes àti Tencteri tí Késárì já lù nínú ibùdó wọn jà láàárín kẹ̀kẹ́ àti impedimenta, bí àwọn Helvetii.

Ibi tó dùn mọ́ wa jù nínú ìwé kẹrin àti ìkarùn-ún ni àwọn orí méjì tí àwọn òǹkàwé kì í sábà fi wéra. Ní ìwé 4 orí 30, ní erékùṣù Britain lọ́dún 55, àwọn ará ibẹ̀ wo ibùdó Róòmù, wọ́n rí i pé ó kéré, wọ́n sì gbà pé àwọn ọmọ-ogun náà ò pọ̀. Késárì ṣàlàyé ìdí rẹ̀: láìsí impedimenta ló kó àwọn lẹ́gíónì sọdá òkun. Ẹrù ló máa ń gba ilẹ̀ nínú ibùdó, ibi tí kò bá sí ẹrù, odi á súnmọ́ra. Lọ́dún kejì, ní ìwé 5 orí 47, ó fi ẹrù gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ-ogun sílẹ̀ ní Samarobriva pẹ̀lú àwọn ògo àlàáfíà (àwọn èèyàn tí àwọn ẹ̀yà Gaul fi sọ́wọ́ rẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀rí pé wọn kò ní dalẹ̀), ìwé ìjọba àti ọkà, ó fi Marcus Crassus (kì í ṣe Publius) àti lẹ́gíónì kan ṣọ́ ọ, ó sì yára lọ gba Quintus Cicero, ọ̀gágun rẹ̀, sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó sàga tì í. Ní orí 49, agbára káká ni àwọn ọmọ-ogun tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ fi pé 7,000, wọn kò sì ní ẹrù kankan. Ibùdó rẹ̀ kéré fúnra rẹ̀, ó tún fún àwọn ọ̀nà inú rẹ̀ pọ̀ kí ó lè kéré sí i, kí ọ̀tá fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì gun òkè wá bá a níbi tí kò dáa fún wọn. Ohun tó ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ sí i ní Britain ló wá fi ṣe pàkúté ní Gaul. Késárì kò sọ ọ́ jáde pé ibẹ̀ lòun ti kọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kan náà tó padà wá lẹ́ẹ̀kejì ló ń jẹ́ kí òǹkàwé so wọ́n pọ̀.

Láàárín orí méjèèjì yẹn ni ìparun Sabinus àti Cotta, ọ̀gágun Késárì méjì, wà, lọ́dún 54. Ambiorix, olórí ẹ̀yà Eburones, tàn wọ́n jáde kúrò nínú ibùdó. Ní orí 31 wọ́n jáde ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nínú ìlà ìrìn tó gùn gan-an, pẹ̀lú ẹrù tó pọ̀ gan-an; Késárì fi ọ̀rọ̀ méjèèjì náà sí ìparí gbólóhùn rẹ̀, ẹni tó bá ti ka ìwé kejì á sì ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní orí 33 àwọn ọ̀gágun kò lè bójú tó ìlà tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá pàṣẹ kí gbogbo èèyàn fi ẹrù sílẹ̀, kí wọ́n sì dúró ní òbìrí. Késárì dá wọn lẹ́jọ́ pẹ̀lẹ́: ètò náà kò burú nínú irú ewu bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n aburú ló bí. Ó mú ọkàn àwọn ọmọ-ogun rẹ̀wẹ̀sì, ó ki ọ̀tá láyà, torí pé ó jọ ohun tí ẹni tó ti sọ̀rètí nù máa ń ṣe. Ohun tó sì burú jù ni pé àwọn ọmọ-ogun fi àsíá wọn sílẹ̀, olúkúlùkù sáré lọ sídìí impedimenta láti fa ohun tó ṣọ̀wọ́n fún un jù yọ. Ní orí 34, àwọn olórí ọ̀tá sọ fún tiwọn pé kí ẹnikẹ́ni má kúrò ní ìlà. Gbogbo ohun tí Róòmù fi sílẹ̀ tiwọn ni, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ́gun ná. Apá kan ń fọ́nká nítorí ẹrù, apá kejì dúró gírí nítorí ẹrù kan náà. Kò sí ibòmíràn nínú ìwé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó báyìí.

Ìwé kẹfà fi kún un ní ṣókí. Ní orí 32, Késárì kó ẹrù gbogbo lẹ́gíónì lọ sí Aduatuca, ibi tí Sabinus àti Cotta ti pabùdó gan-an kí wọ́n tó kú, ó sì fi lẹ́gíónì kẹrìnlá àti ẹlẹ́ṣin 200 ṣọ́ ọ lábẹ́ Quintus Cicero. Àwọn Sugambri, ẹlẹ́ṣin 2,000, sọdá Rhine, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á.

Lọ́dún 52, ẹrù náà kò dúró lójú kan, ìwé keje sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kíkà pẹ̀lú àwòrán ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Agedincum ni èyí tó jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ-ogun wà (orí 10), ibẹ̀ náà ni Labienus padà sí lẹ́yìn ogun rẹ̀ nítòsí Lutetia (orí 62). Èyí tó pọ̀ nínú ẹrù Késárì fúnra rẹ̀ wà ní Noviodunum pẹ̀lú àwọn ògo, ọkà, owó ìjọba àti ẹṣin tí wọ́n rà ní Ítálì àti Sípéènì. Ní orí 55, Eporedorix àti Viridomarus, àwọn aṣíwájú ẹ̀yà Aedui tó kẹ̀yìn sí Késárì, pa àwọn ẹ̀ṣọ́, wọ́n pín owó àti ẹṣin, wọ́n kó àwọn ògo lọ sí Bibracte, wọ́n dáná sun ìlú, wọ́n kó ọkà tí wọ́n lè kó sínú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ba ìyókù jẹ́. Ẹ tún orí náà kà, ẹ ó rí i pé Késárì sọ ibi tí ohun gbogbo lọ àfi impedimenta. Ó dárúkọ rẹ̀ nígbà tó ń kó o síbẹ̀, kò sì dárúkọ rẹ̀ mọ́ nígbà tí ìlú jóná. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ti ń tọpa rẹ̀ ló máa jẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun tó fi pamọ́.

Ní Gergovia, ìlú olódi àwọn ará Gaul, orí 45, ọ̀rọ̀ náà gba ìtumọ̀ kẹta. Késárì ní kí wọ́n kó impedimenta púpọ̀ àti ìbaaka jáde láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n bọ́ gàárì ẹrù kúrò lẹ́yìn wọn, kí àwọn tó ń dà wọ́n dé àṣíborí kí wọ́n sì jọ ẹlẹ́ṣin, kí wọ́n gùn wọ́n yí òkè ká. A kì í bọ́ gàárì lẹ́yìn àpò. Ẹran arẹrù ni impedimenta níbí. Ohun tó ń fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn ni wọ́n fi ṣe ohun tó yára jù lójú ọ̀tá.

Lẹ́yìn náà ni orí 66 sí 68. Vercingetorix sọ fún àwọn ẹlẹ́ṣin rẹ̀ pé kí wọ́n kọlu Róòmù lójú ọ̀nà, impeditos. Bí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ bá dúró láti ran àwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn lọ́wọ́, ìrìn dúró nìyẹn. Bí wọ́n bá sì fi impedimenta sílẹ̀ láti gba ẹ̀mí ara wọn là, èyí tó rò pé ó ṣeé ṣe jù, wọ́n á pàdánù ohun èlò àti iyì. Ogun Sabinus lọ́dún 54 ló ń ṣe àpèjúwe rẹ̀ gan-an. Àwọn ẹlẹ́ṣin náà búra pé ẹni tí kò bá gun ẹṣin la ìlà ọ̀tá kọjá lẹ́ẹ̀mejì kò ní wọlé, kò sì ní fojú kan ìyàwó, ọmọ àti òbí rẹ̀. Ìdáhùn Késárì ní orí 67 kúrú: ìlà dúró, wọ́n gba ẹrù sáàárín àwọn lẹ́gíónì. Kò sí pé à ń yàn láàárín ẹrù àti ẹ̀mí. Ìgbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Jámánì gba orí òkè kan, ogun yí padà. Ní orí 68, Vercingetorix ló wá ń pàṣẹ pé kí wọ́n tètè kó impedimenta tirẹ̀ jáde tẹ̀lé òun lọ sí Alesia. Késárì gbé tirẹ̀ sórí òkè tó súnmọ́, ó fi lẹ́gíónì méjì ṣọ́ ọ, ó lépa wọn títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì pa nǹkan bí 3,000 lára àwọn tó wà lẹ́yìn.

Hirtius, ní ìwé kẹjọ, mọ ọ̀rọ̀ náà lò. Orí 8 rẹ̀ to ìrìn lọ́nà tó yéni jù: lẹ́gíónì keje, ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án níwájú, lẹ́yìn wọn ìlà ẹrù tí kò pọ̀, lẹ́gíónì kọkànlá lẹ́yìn. Ní orí 14 ó fi kún un pé bí àwọn ará Gaul kò tilẹ̀ ní ẹrù rárá, kẹ̀kẹ́ wọn á ṣì pọ̀. A kò rí ohun míì tó yẹ kí ẹ dúró lé lórí níbẹ̀.

Ó kù àbùkù. Késárì kò sọ iye ìbaaka tí lẹ́gíónì kan ní rí, kò to ohun tó wà nínú ẹrù lẹ́sẹẹsẹ, kò sì dárúkọ ìránṣẹ́ kan tó ń dà wọ́n. Ẹni tó ń wá iye àti ìwọ̀n yóò bínú. Ohun tí ìwé náà ń fúnni ni ipò ẹrù, níwájú, láàárín, lẹ́yìn, lórí òkè, nínú ìlú, àti ohun tó ti ibẹ̀ jáde.

Nípa ibi tí ẹ ó ti kà á: ìwé Loeb ti H. J. Edwards, tó jáde lọ́dún 1917, ni a fọwọ́ sí fún iṣẹ́ yìí. Látìn wà lójú ewé òsì, Gẹ̀ẹ́sì lójú ewé ọ̀tún, ẹ ò ní máa ṣí ìwé méjì. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, The Latin Library gbé odindi ìwé kan sójú ewé kan, ìyẹn ló fi dára fún wíwá ọ̀rọ̀. Kò ní ìtumọ̀, kò ní àlàyé. Perseus, ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Tufts, dára ní ọ̀nà míì. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan, á sọ ìrísí rẹ̀ fún yín, á sì gbé yín lọ sínú ìwé atúmọ̀ Lewis àti Short. Àléébù rẹ̀ ni pé orí kan péré ló máa ń gbé síwájú yín lẹ́ẹ̀kan, torí náà bí ẹ bá tẹ Ctrl àti F, orí yẹn nìkan ló wá. Ó tún máa ń to gbogbo ohun tí ọ̀rọ̀ lè jẹ́: bí ẹ bá tẹ impedimentis, méjì ni yóò kọ, ẹ̀yin lẹ ó fi gbólóhùn mọ èyí tó tọ́. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Ẹ má kọ odindi ọ̀rọ̀ sínú àpótí ìwákiri. Impedi ni kí ẹ kọ, á mú impedimenta, impedimentorum, impedimento, impedire àti impeditus wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún wá inpedi, torí pé àwọn olóòtú kan fẹ́ràn láti fi n kọ ọ́. Ẹ wá expedi lọ́tọ̀. Bí ẹ bá gé e kù sí pedi kí ẹ lè rí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, pedites, àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀, á kún ojú ewé yín. Nínú ìwé tí wọ́n ya ní fọ́tò, ọ̀rọ̀ tí òpin ìlà gé sí méjì kì í jáde, ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ojú ewé wò fúnra yín. Bí ẹ ti ń rí i, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ìwé àti orí, ìrísí ọ̀rọ̀, ta ló ni ẹrù náà, ibo ló wà, ta ló ń ṣọ́ ọ, kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí "ta ló ń ṣọ́ ọ" bá ṣófo ni kí ẹ fi àmì sí. Ìwé 5 orí 33 ni yóò hàn jù.

Fún ẹni tí kò gbọ́ Látìn tó fẹ́ ra ìtumọ̀, ẹ ṣí ibi mẹ́ta. Ní ìwé 2 orí 17, ṣé ẹrù tó wà láàárín àwọn lẹ́gíónì àti èyí tó wà léjìká yàtọ̀ síra? Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ dá a padà. Ní ìwé 5, ṣé ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ní orí 33 àti ohun tí àwọn ọmọ-ogun sáré lọ tú ní ìparí orí náà ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo? Àwọn atúmọ̀ tó kórìíra àtúnsọ máa ń pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, okùn á sì já. Ní ìwé 7 orí 45, ṣé ẹran ni wọ́n kó jáde, àbí àpò? Ẹ tún wò ó bóyá nọ́ńbà orí wà létí ìwé, torí pé láìsí i ẹ ò ní lè fi wé Látìn, kí ẹ sì rí i dájú pé ìwé Hirtius wà nínú rẹ̀, nítorí àwọn ìtẹ̀jáde kan dúró sí Alesia, ní òpin ìwé keje.